Àkúdàáyà Tó Ń Ta Búrẹ́dì ní Kerala

Bí o bá ń gbé East Ham, ní ìlà oòrùn London, o ò ní pẹ́ mọ Vijay, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká òṣèré fíìmù Tamil. Ojú rẹ̀ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ra ata gbígbẹ. Púpọ̀ nínú àwọn Tamil àdúgbò wa kì í ṣe ará Íńdíà o. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní Sri Lanka ní 1983 ló lé wọn débí. Síbẹ̀, fíìmù Tamil tí wọ́n bá ṣe ní Chennai ní Íńdíà, tiwọn ni. Bàbá onílé mi, ọmọ Jaffna ní Sri Lanka, ló ní dandan ni kí n wo Theri, fíìmù Vijay tí Atlee darí, tó jáde ní ọjọ́ ọdún tuntun Tamil ní 2016.

Búrẹ́dì ni ọkùnrin tí Vijay ṣe nínú rẹ̀ ń ṣe tà ní Kerala, ìpínlẹ̀ kan ní Íńdíà. Joseph ló ń jẹ́, òun àti Nivi ọmọ rẹ̀ kékeré ló jọ ń gbé, kò fẹ́ wàhálà ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ní Chennai, Vijay Kumar ló ń jẹ́, ọ̀gá ọlọ́pàá ni, gbogbo ayé sì gbà pé ó ti kú. Yorùbá wo ló máa rí èyí tí kò ní pariwo àkúdàáyà? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún bàbá onílé bí àkúdàáyà ṣe máa ń pòórá bí ará ilé rẹ̀ bá já lù ú ní ìlú tó sá lọ. Wọ́n ní kí n panu mọ́, kí n wòran.

Ọ̀ràn náà burú. Ọmọ mínísítà ló wà nídìí bí wọ́n ṣe fipá bá ọmọbìnrin kan lò títí tó fi kú. Mínísítà ò jẹ́ kí wọ́n mú ọmọ rẹ̀, ni ọ̀gá ọlọ́pàá bá pa ọmọ náà. Mínísítà kó ogun wá sílé ọ̀gá ọlọ́pàá: ìyá rẹ̀ kú, Mithra ìyàwó rẹ̀ kú, díẹ̀ ló kù kí ọmọ ọwọ́ náà kú sómi. Mahendran, tó jẹ́ olùdarí fíìmù fúnra rẹ̀ láti àwọn ọdún 1970, ló ṣe mínísítà yẹn. Kì í jágbe, kì í fajú ro. Irú ìkà bẹ́ẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Nígbà tí ẹ̀san dé, òkú ni wọ́n ní ó ń jà. Ta ló máa gbé òkú lọ kóòtù? Bàbá onílé pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ọmọ Nàìjíríà ni mí. Nígbà tí sójà dáná sun ilé Fela ní Kalakuta ní 1977, ìgbìmọ̀ ìwádìí ní sójà tẹ́nìkan ò mọ̀ ló ṣe é. Àwọn SARS tá a torí wọn jáde ní oṣù Kẹwàá 2020 ńkọ́? Wọ́n á pa èèyàn tán kí wọ́n tó pè é lólè. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà, ní Sathankulam ní Tamil Nadu, ìpínlẹ̀ tí Chennai wà, ọlọ́pàá mú bàbá kan àti ọmọ rẹ̀, wọ́n ní wọn ò tètè ti ṣọ́ọ̀bù fóònù wọn nígbà kónílé-ó-gbélé Kòrónà. Wọ́n lù wọ́n ní àtìmọ́lé, àwọn méjèèjì sì kú.

Fíìmù ti fi ọ̀daràn hàn wá kedere kí wọ́n tó pa á. Ní ojú pópó, ọlọ́pàá tó yìnbọn nìkan ló ń sọ fún wa pé ọ̀daràn ni.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá onílé. Wọ́n ní, “Aláṣọ ìjọba ni mo sá fún ní Jaffna. Inú fíìmù nìkan ni mo ti rí èyí tó ń gbèjà mi. Fi í sílẹ̀ fún mi.”

Mo ní ká ní èmi ni mo kọ ìtàn náà, kóòtù ni mínísítà ì bá ti lọ jẹ́jọ́. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀.