Ike òfìfo tí mò ń kó padà sínú báàgì

Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìbẹ̀wò ilé ni abiyamọ kan bi mí ní ìbéèrè tí n kò lè dáhùn. Ọmọ rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́rìnlá nígbà náà, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mo sì ń lọ síbẹ̀. Bí mo bá ti dé, màá tú báàgì mi sílẹ̀: ike òfìfo, ìdérí ìgò, páálí tí mo gé wẹ́wẹ́, ìwé àwòrán tí mo fọwọ́ ara mi rán. Èmi àti ọmọ á jókòó sílẹ̀, a ó máa ṣeré, ọmọ á máa rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ á wà lórí àga, á máa wò wá. Bí wákàtí kan bá ti pé, màá kó ẹrù mi, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ ṣé mà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti lọ báyìí, kí ni kí èmi máa bá a ṣe?"

Mo ní a ó sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìdérí ìgò ń dún nínú báàgì mi bí mo ṣe ń lọ.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwádìí lórí iṣẹ́ wa, ti Jàmáíkà sì ni mo kọ́kọ́ bá pàdé. Ní Kingston, ní 1986 sí 1987, olùwádìí kan, Sally Grantham-McGregor, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ọmọ 129 tí wọn kò ga tó ọjọ́ orí wọn, láti ọmọ oṣù 9 sí oṣù 24. Bí ẹni ṣẹ́ kèké ni wọ́n ṣe pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Wọ́n ń fún àwọn kan ní wàrà oníyẹ̀fun, kìlógíráàmù kan lọ́sẹ̀. Wọ́n ń bẹ àwọn kan wò nílé ní wákàtí kan lọ́sẹ̀, fún ọdún méjì. Àwọn kan rí méjèèjì gbà, àwọn kan ò rí ìkankan. Àwọn tó ń lọ kì í ṣe dókítà o, òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò ni wọ́n. Ohun ìṣeré tí wọ́n fọwọ́ ṣe ni wọ́n ń gbé lọ. Wọ́n á fi han ìyá bí òun fúnra rẹ̀ á ṣe bá ọmọ rẹ̀ ṣeré, wọ́n á sì fi ohun ìṣeré náà sílẹ̀ nílé títí wọn yóò fi padà wá.

Wọ́n á fi í sílẹ̀! Mo wo báàgì mi níbi tí mo gbé e kọ́.

Nígbà tí àwọn ọmọ yẹn pé ẹni ọdún 22, wọ́n wá wọn lọ, wọ́n sì rí 105. Ìwádìí tó jáde ní 2014 fi hàn pé owó iṣẹ́ àwọn tí wọ́n bẹ̀ wò fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí wọn kò bẹ̀ wò lọ. Wàrà nìkan kò ṣe irú èyí.

Inú mi kì í dùn sí àwọn tó máa ń ka ìròyìn rere nìkan, nítorí náà màá sọ ìyókù. Ní Elmira, ní ìpínlẹ̀ New York, olùwádìí kan, David Olds, rán nọ́ọ̀sì sí àwọn aboyún tí kò tíì bímọ rí, títí ọmọ fi pé ọdún méjì. Ìròyìn 1997 sọ pé ní ọdún 15 lẹ́yìn náà, ẹjọ́ pé wọ́n fìyà jẹ ọmọ tàbí pé wọn ò tọ́jú rẹ̀ fi nǹkan bí ìdajì dín kù. Ṣùgbọ́n níbi tí ìlùkulù ti pọ̀ láàárín tọkọtaya, àǹfààní yẹn pòórá. Mo mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ìyá á ń bá ọ sọ̀rọ̀, ilẹ̀kùn á dún, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ike òfìfo tó lè tún ìyẹn ṣe, ó sì máa ń dùn mí dé egungun.

Wọ́n gbé ètò kan náà dé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n dán an wò lára àwọn ìyá 1,645 tí wọn kò ju ọmọ ọdún 19 lọ. Nígbà tí èsì jáde ní 2015, kò yí sìgá mímu padà, kò yí ìwọ̀n ọmọ tuntun padà. Àwọn nǹkan kéékèèké bí ọ̀rọ̀ sísọ àwọn ọmọ ló sunwọ̀n díẹ̀. Lójú tèmi, agbẹ̀bí àti nọ́ọ̀sì ti ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo ìyá níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àfikún lórí ohun tó ti wà ni wọ́n wọ̀n. Níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti kan ilẹ̀kùn rí, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbé ike náà lé ìyá tó bi mí ní ìbéèrè yẹn lọ́wọ́, mo sì sún sẹ́yìn. Ojú tì í. Ó wò mí, ọmọ wò ó. Ó wá fi ìdérí lu ike lẹ́ẹ̀kan, ó dún kò, ọmọ sì fà á gbà. Nígbà tí mo ń lọ, mi ò kó nǹkan kan.

Kí n tó jókòó lọ́sẹ̀ kejì ló ti ní, "Ẹ má bínú mà, ike yín ti fọ́. A ti gbá a mọ́lẹ̀ jù."