Ta ló kà á? Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú archaeology Aegean, fún ẹ̀yin àbúrò

Ẹ̀yin àbúrò mi ní department, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi message ránṣẹ́ pé ṣé ọmọ Yorùbá lè ka ayé àtijọ́ ilẹ̀ Gíríìsì àti Aegean, òkun tó wà láàárín òun àti Tọ́kì, kó sì rí nǹkan jẹ nídìí ẹ̀, mo ní kí n kúkú kọ ọ́ síbì kan ṣoṣo kí gbogbo yín kà á. Ti oúnjẹ yẹn, a máa sọ ọ́ lọ́jọ́ míì. Tòní ni bí a ṣe ń ka ìròyìn tuntun nínú iṣẹ́ yìí, torí nǹkan ò yé jáde, Crete lónìí, Santorini lọ́la, Cyprus lọ́túnla, àwọn oníròyìn á sì máa pariwo pé gbogbo ohun tá a mọ̀ ti yí padà. Tẹ́ ẹ bá ṣí abẹ́ ariwo yẹn wò, ẹnì kan ló wọn nǹkan kan níbì kan. Ẹni yẹn lẹ fẹ́ bá pàdé, kẹ́ ẹ bi í pé kí lo wọ̀n, báwo lo ṣe kà á.

Ẹ jẹ́ ká mú Thera, erékùṣù tí gbogbo ayé ń pè ní Santorini báyìí. Òkè ayọnáyèéfín ibẹ̀ bú gbàmù nígbà Bronze Age, sáà tí wọ́n ń fi idẹ ṣe irinṣẹ́, ó bo odindi ìlú kan mọ́lẹ̀, Akrotiri, tí Spyridon Marinatos bẹ̀rẹ̀ sí í hú jáde ní 1967. Ilé alájà méjì sí mẹ́ta, àwòrán aláràbarà lára ògiri, ìkòkò ńláńlá, gbogbo ẹ̀ wà lábẹ́ eérú, àmọ́ òkú èèyàn ò sí níbẹ̀, ó jọ pé àwọn ará ìlú ti sá kó tó bú. Eérú òkè yìí fò dé Crete, ó dé Tọ́kì, òkúta pumice ẹ̀ sì wà láàárín nǹkan tí wọ́n hú ní Íjíbítì, nítorí náà ẹni tó bá mọ ọdún tó bú lè so gbogbo ilẹ̀ wọ̀nyẹn pọ̀ sórí ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìjà wá wà níbẹ̀ o. Àwọn tó ń tẹ̀ lé ìkòkò àti ìtàn àwọn Fáráò ní bíi 1500 BC ni, àwọn tó ń tẹ̀ lé radiocarbon, ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn ọjọ́ orí nǹkan tó ti kú, ní rárá, ìparí ọ̀rúndún 17 ṣáájú ìbí Kristi ni. Ọgọ́rùn-ún ọdún ló wà láàárín wọn! Tó bá jẹ́ ti àwọn àkọ́kọ́, ìdílé ọba kejìdínlógún ló ń jọba ní Íjíbítì nígbà tí òkè bú, tó bá jẹ́ ti àwọn kejì, àwọn Hyksos, àjèjì tó ń jọba níbẹ̀ ṣáájú wọn, ṣì jókòó sí Delta odò Náílì tí wọ́n ń gba owó orí.

Ní 2006, Walter Friedrich àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé ẹ̀ka igi ólífì kan jáde nínú ìwé ìwádìí tó ń jẹ́ Science. Inú pumice ní Santorini níbẹ̀ ni wọ́n ti bá a, ó ṣì wà lóòró bó ṣe wà nígbà tí òkè bò ó, wọ́n ka òrùka 72 nínú ẹ̀, ìyẹn ìlà tí igi máa ń fi kún ara lọ́dọọdún, wọ́n ní àárín 1627 sí 1600 BC ló kú. Ẹnu àwọn tó ń sọ 1500 fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́lẹ̀. Àmọ́ ólífì kì í ṣe oak, òrùka ẹ̀ máa ń dàrú mọ́ra. Ní 2013 Paolo Cherubini àti ẹgbẹ́ ẹ̀ mú igi ólífì òde òní láti Santorini, wọ́n fún àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíka òrùka igi pé kí oníkálukú kà á, iye tí kálukú kà ò sì bára mu. Ibẹ̀ ni mo ti mú "ta ló kà á" tí mò ń bú yín lórí. Ẹgbẹ́ Friedrich fèsì o, wọn ò gbà, ẹ ka èsì wọn pẹ̀lú, kẹ́ ẹ má kàn ka ẹjọ́ ẹnì kan kẹ́ ẹ dájọ́.

Ohun tó wà nísàlẹ̀ gbogbo ìjà yẹn ni pé radiocarbon kì í fún èèyàn ní ọdún. Iye carbon-14 tó ṣẹ́kù nínú nǹkan tó ti kú ló ń fún yín, ẹ̀yin lẹ máa wá ṣẹ́ iye yẹn sí ọdún kàlẹ́ńdà, bí ẹni tó gba dọ́là tó fẹ́ ṣẹ́ ẹ sí náírà, rate ìgbà yẹn lẹ máa lò, rate yẹn sì ń lọ sókè sódò torí carbon-14 inú afẹ́fẹ́ kì í dúró sójú kan. Inú òrùka igi tí ọdún ẹ̀ ti dájú ni wọ́n ti ń ka rate náà. Wàhálà Thera ni pé ní apá tó pọ̀ nínú ọ̀rúndún 16 BC, rate náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan, nítorí náà iye kan ṣoṣo lè bọ́ sórí ọdún yìí tàbí sórí ọdún mìíràn tó jìnnà sí i, ẹ̀rọ ò sì lè bá yín yàn án.

Ní 2018 wá ni Charlotte Pearson, ní University of Arizona, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ mú igi bristlecone pine ti Amẹ́ríkà àti oak ti Ireland, wọ́n wọn òrùka wọn lọ́dọọdún, nígbà tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀ ọdún mẹ́wàá tàbí ogún ni wọ́n máa ń lọ̀ pọ̀ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Rate náà yí díẹ̀. Thera bá sún wá sí àárín 1600 sí 1525 BC. Ẹ wò ó dáadáa, kò sẹ́ni tó walẹ̀ ní Santorini, kò sẹ́ni tó rí ẹ̀ka igi tuntun, tábìlì tí gbogbo ayé ń lò ni wọ́n tún ṣe, ọjọ́ bá yí padà. Nígbà tí IntCal20, tábìlì tuntun tí gbogbo ayé ń lò, jáde ní 2020, gbogbo wa la ní láti padà lọ ṣẹ́ nọ́ńbà wa lẹ́ẹ̀kan sí i, títí kan ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí Ilé-Ifẹ̀. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí ọdún radiocarbon nínú ìwé, ẹ wo ìgbà tí wọ́n tẹ ìwé náà kẹ́ ẹ tó fi lé orí project yín. Ẹ tún máa kọ nọ́ńbà tí kò tíì di ọdún kàlẹ́ńdà sílẹ̀ pẹ̀lú, torí òun ni kì í yí.

Ti yìnyín Greenland náà tún wà. Láti 1987 ni wọ́n ti ń sọ pé ásíìdì kan tó wà nínú yìnyín yẹn, Thera ló ti wá, wọ́n fún un ní 1645 BC, àwọn èèyàn sì fi kọ́ ilé lé e lórí. Nígbà tí wọ́n wá yẹ eérú kíkúnná inú ẹ̀ wò, tí wọ́n wo ohun tí wọ́n fi ṣẹ̀dá ẹ̀, kò jọ ti Thera, Aniakchak ló jọ, òkè kan ní Alaska lọ́hùn-ún. Pearson àti ẹgbẹ́ ẹ̀ tún kó èyí lé orí tábìlì ní 2022, wọ́n ní 1628 BC ni Aniakchak bú, kì í ṣe 1645, àwọn ọdún tó kù tí Thera lè jẹ́ ni 1611, 1562 sí 1555, àti 1538.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti Çeşme, ní etí òkun Tọ́kì. Vasıf Şahoğlu àti ẹgbẹ́ ẹ̀ rí ibi tí omi tsunami Thera ti ya wọ ìlú, lábẹ́ pàǹtí tí omi kó jọ wọ́n rí egungun ọ̀dọ́mọkùnrin kan, wọ́n sì rí egungun ajá. Lẹ́yìn gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń wá òkú ní Thera fúnra ẹ̀, òdìkejì òkun ni wọ́n ti rí i. Inú ìdọ̀tí yẹn kan náà ni wọ́n ti mú nǹkan tí wọ́n wọn radiocarbon ẹ̀, ó sì sọ pé òkè ò lè bú ṣáájú 1612 BC.

Lẹ́yìn náà ni September 2025 dé. Hendrik Bruins àti Johannes van der Plicht gbé iṣẹ́ jáde nínú PLoS ONE, wọ́n ní òkè Thera ti bú kí Fáráò Ahmose, ẹni àkọ́kọ́ nínú ìdílé ọba kejìdínlógún, tó gorí oyè. Ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n ti rí ẹ̀rí? Inú museum ní London. Bíríkì alámọ̀ láti tẹ́ḿpìlì Ahmose ní Abydos, aṣọ ọ̀gbọ̀ tí wọ́n fi sin obìnrin kan tó ń jẹ́ Satdjehuty, àtàwọn ère igi kéékèèké láti Thebes, nǹkan tó ti wà nínú àpótí láti ìgbà tí wọn ò tíì mọ radiocarbon rárá. Inú bíríkì amọ̀ ni koríko máa ń wà, koríko yẹn ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rojú pé wọn ò rán yín lọ field, ẹ lọ sí stóò museum tó wà nítòsí yín, ẹ bá wọn kọ lébẹ́ẹ̀lì, ẹ wo ohun tó wà nínú páálí.

Èmi o, tẹ́ ẹ bá bi mí, 1500 ti ṣòro gbèjà, àmọ́ láàárín 1611 àti 1555 mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ti parí, ẹ bi í pé tábìlì wo ló lò.

Alice Kober ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ yìí kọjá. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Brooklyn College. Láti 1900 tí Arthur Evans ti ń hú wàláà jáde ní Knossos ní Crete, tí wọ́n fi ìkọ̀wé àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Linear B kọ, kò sẹ́ni tó lè kà wọ́n, oníkálukú ń méfò pé èdè báyìí ni, èdè báyẹn ni. Kober ní òun ò méfò, òun á kàn ka àmì ni, èwo ló ń tẹ̀ lé èwo, ẹ̀ẹ̀mélòó, níbo. Pépà wọ́n nígbà ogun àgbáyé kejì, ló bá ń gé ẹ̀yìn káàdì ìkíni àti ìwé ṣọ́ọ̀ṣì sí wẹ́wẹ́, ó ń kó wọn sínú páálí sìgá, bíi 180,000 ni wọ́n ní wọ́n jẹ́. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ọ̀rọ̀ kan lè ní ìbẹ̀rẹ̀ kan náà kí ìparí ẹ̀ máa yí. Ó kú ní 1950, ẹni ọdún 43 péré. Lọ́dún 1952 ni Michael Ventris, tó jẹ́ ayàwòrán ilé, gba orí irú ìpìlẹ̀ yẹn débi tí Linear B fi ka sí èdè Gíríkì, ó kéde ẹ̀ lórí rédíò BBC, orúkọ ẹ̀ ni gbogbo ayé sì mọ̀. Ó dùn mí fún Kober, mi ò lè purọ́. Linear A, ìkọ̀wé tó ṣáájú ẹ̀, ṣì wà nílẹ̀ gbọọrọ o, kò sẹ́ni tó tíì kà á, kò sì sí àkókò tí ẹnì kan ò ní máa sọ lórí YouTube pé òun ti kà á. Ẹ ní kó kó káàdì ẹ̀ jáde.

Ní Pylos ní Gíríìsì náà, nígbà tí Jack Davis àti Sharon Stocker rí sàréè jagunjagun àtijọ́ kan tí wọ́n sọ ní Griffin Warrior ní 2015, wúrà ni ìròyìn ń sọ. Òkúta kékeré kan wà láàárín àwọn ẹrù yẹn tó jẹ́ pé ẹfun ti bò ó, kò wu ẹnikẹ́ni wò. Wọ́n fọ̀ ọ́ títí, ó tó bí ọdún kan. Ní 2017 ni wọ́n gbé e jáde, agate tí kò ju 3.6 sẹ̀ǹtímítà lọ, jagunjagun mẹ́ta ló wà lára ẹ̀, iṣan apá àti ẹsẹ̀ wọn hàn débi pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn lè ṣe irú ẹ̀ ní bíi 1450 BC. Ẹni tó fọ̀ ọ́ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dà.

Ti Papoura ní Crete kò tíì tó kéèyàn sọ púpọ̀. Wọ́n ń kọ́ pápákọ̀ òfuurufú tuntun sí Kastelli, orí òkè tí wọ́n fẹ́ gbé radar sí ni wọ́n ti já lu ilé róbótó kan tí fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 48 mítà, tí ògiri òkúta mẹ́jọ yí ara wọn ká. June 2024 ni ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àṣà kéde ẹ̀, wọ́n ní 2000 sí 1700 BC, wọ́n sì ní nígbà yẹn pé radar á lọ síbòmíràn. Kíá, labyrinth, ilé rúdurùdu inú ìtàn àtijọ́ Gíríìsì, ti bọ́ sẹ́nu gbogbo èèyàn. Ìkéde ìjọba kì í ṣe report, ẹ ní sùúrù kí àwọn tó walẹ̀ kọ tiwọn. DNA náà bẹ́ẹ̀: iṣẹ́ Iosif Lazaridis àti ẹgbẹ́ ẹ̀ ní 2017 sọ pé àwọn Minoan, ará Crete àtijọ́, àti Mycenaean, ará Gíríìsì fúnra ẹ̀, bára tan gan-an, pé ó kéré tán ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìran wọn wá láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ àkọ́kọ́ ní ìwọ̀-oòrùn Anatolia àti Aegean, àti pé àwọn Mycenaean ní díẹ̀ sí i láti apá àríwá. Èèyàn 19 ni wọ́n wọ̀n. Iṣẹ́ gidi ni, àmọ́ DNA ò sọ èdè tí ẹnikẹ́ni ń sọ fún yín.

Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé ohun tóun bá kọ́ níbẹ̀ ò ní wúlò nílé, kó lọ wo ti gíláàsì. Ọkọ̀ tó rì ní Uluburun, etí òkun Tọ́kì, tí wọ́n fi ọdún 1984 sí 1994 hú jáde lábẹ́ omi, ó kó bàbà tó tó tọ́ọ̀nù mẹ́wàá, ó sì kó gíláàsì aláwọ̀ búlúù, ohun tí wọ́n fi po gíláàsì náà ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó bá ti Íjíbítì mu. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ni Abidemi Babatunde Babalola fi ṣiṣẹ́ lórí ìlẹ̀kẹ̀ Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, tó fi hàn pé àwọn baba wa ló ń po gíláàsì yẹn fúnra wọn, kì í ṣe pé wọ́n kàn ń yọ́ èyí tí wọ́n rà. Àti ti olè pẹ̀lú. Àwọn ère funfun láti Cyclades, àwọn erékùṣù kan ní Aegean, tó wà káàkiri museum ayé, ọ̀pọ̀ jù lọ ni kò sẹ́ni tó mọ ihò tí wọ́n ti hú wọn, David Gill àti Christopher Chippindale kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1993. Ẹni tó bá ti rí ohun tí wọ́n fi àwọn ère Nok ṣe, kò nílò àlàyé.

Ní ti owó ìwé, ẹ má sọ pé ilé ìkàwé yín ò ní nǹkan. PLoS ONE ọ̀fẹ́ ni, PNAS Nexus ọ̀fẹ́ ni. Nestor wà, àkójọ gbogbo ìwé tó ń jáde lórí Aegean, Emmett Bennett ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1957, University of Cincinnati ló ń gbé e jáde báyìí, ẹ lè wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀. Archaeology in Greece Online náà wà, British School at Athens àti École française d'Athènes ló jọ ń ṣe é, ibẹ̀ lẹ ti máa rí ibi tí wọ́n walẹ̀ sí lọ́dọọdún. Ẹ kọ́ Faransé àti Jámánì débi tẹ́ ẹ bá lè kà á, ẹ kọ́ Gíríkì òde òní tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá àwọn òṣìṣẹ́ field sọ̀rọ̀. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àpáàdì, ẹ̀yìn ẹ̀ àti inú ẹ̀ àti etí ẹ̀, torí gbogbo LM IA, LM IB (Late Minoan, bí wọ́n ṣe pín sáà àwọn Minoan) tí wọ́n ń pè yẹn, orí àpáàdì ni wọ́n kọ́ ọ lé. Iṣẹ́ Bruins ti 2025 yẹn ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ fo abstract, ẹ lọ síbi tábìlì, ẹ ka ohun tí wọ́n wọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè tẹ́ ẹ bá ní lórí ẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́.