Ilé Wèrè Weston: Ẹ Fi Iwin Sílẹ̀, Ẹ Wo Fèrèsé

Tí mo bá ti ní mo lọ ya fọ́tò ọsibítù tí wọ́n ti pa tì, ìbéèrè kan náà làwọn èèyàn máa ń bi mí: ṣé o rí iwin? Màmá mi tiẹ̀ ti kọjá ìyẹn, tiwọn ni pé kí n sáà máa gbàdúrà kí n tó wọlé. Mi ò rí iwin kankan o. Fèrèsé ni mo rí, lọ́tùn-ún lósì, gíga gíga, tí oòrùn ń gbà wọlé títí dé ara ògiri kejì.

Ibi tí mò ń sọ ni Trans-Allegheny Lunatic Asylum, ọsibítù àwọn alárùn ọpọlọ láyé àtijọ́, tó wà ní ìlú Weston, West Virginia, l'Amẹ́ríkà níbí. Òkúta tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó sì gùn débi pé tẹ́ ẹ bá dúró síwájú ẹ̀, kámẹ́rà ò lè gbé e tán, àfi kẹ́ẹ máa fẹ̀yìn rìn lọ. Ọdún 1858 ni ìpínlẹ̀ Virginia bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn, ni ogun abẹ́lé bá bẹ́ sílẹ̀, ni Virginia bá pín sí méjì, bó ṣe di ti West Virginia nìyẹn. Wọ́n gba àwọn aláìsàn àkọ́kọ́ wọlé ní 1864, ilé ò sì tíì parí, ó di 1881.

Dọ́kítà kan tó ń jẹ́ Thomas Story Kirkbride, ará Pennsylvania, ló ronú kan irú ilé báyìí. Lójú tiẹ̀, ilé gan-an loògùn. Ó ní kí wọ́n má ṣe to àwọn wọ́ọ̀dù sórí ìlà kan, kí ìkan máa fà sẹ́yìn ju èkejì lọ bí ìyẹ́ àdán, kí ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn lè kan gbogbo èèyàn lára. Àwọn tára wọn balẹ̀ á wà nítòsí àárín, àwọn tó ń pariwo á wà nípẹ̀kun lọ́hùn-ún. Èèyàn 250 péré ni irú ilé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà.

Ní àwọn ọdún 1950, nǹkan bíi 2,400 èèyàn ló wà níbẹ̀. Ẹ tún un kà. Tẹ́ ẹ bá wọ yàrá kan báyìí tẹ́ ẹ wo bó ṣe kéré tó, ẹ ò ní wá iwin mọ́. Ní 1952 ni dọ́kítà kan tó ń jẹ́ Walter Freeman ń káàkiri àwọn ọsibítù ìjọba ní West Virginia, Weston wà lára wọn, ó ń ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ gba òkè ẹyinjú wọnú ọpọlọ èèyàn pé òun ń wo àrùn ọpọlọ, 228 aláìsàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Láàárín àwọn ọdún yẹn náà ni Adéoyè Lámbò tiwa, dọ́kítà àrùn ọpọlọ, ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé lágbègbè Arò, l'Abẹ́òkúta, pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn tó ń tọ́jú wọn. Wọ́n ní oyinbo ló mọ̀ ọ́n ṣe ṣá.

Nígbà tí chlorpromazine, oògùn àrùn ọpọlọ, dé, tí Ààrẹ Kennedy tún fọwọ́ sí òfin 1963 pé kí wọ́n máa tọ́jú èèyàn láàárín ìlú, àwọn ilé ńláńlá yìí bẹ̀rẹ̀ sí ṣófo. Wọ́n ti Weston pa ní 1994, wọ́n wá fi gbáǹjo tà á ní 2007, mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là. Ẹni tó rà á ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fáwọn tó fẹ́ wò ó, ti ọ̀sán àti ti iwin lálẹ́. Inú mi ò dùn sí ti iwin yẹn, kí wọ́n máa fi ìyà àwọn èèyàn ṣeré, àmọ́ owó yẹn náà ni wọ́n fi ń tún òrùlé ṣe, kí n má purọ́. Greystone Park, irú ọsibítù bẹ́ẹ̀ ní New Jersey, ò rí irú ẹ̀, wọ́n wó o palẹ̀ ní 2015.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò wá kù. Ẹ má lo fláàṣì, ọ̀dà tó ń ṣí lára ògiri yẹn, ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wá ló máa gbé e jáde, fláàṣì á kàn sọ ọ́ di pẹlẹbẹ. Inú kọ́rídọ̀ ṣókùnkùn, fèrèsé mọ́lẹ̀ jù, nítorí náà ẹ gbé kámẹ́rà sórí tripod, igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn, kẹ́ẹ ya ojú kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀kan tó ṣókùnkùn, ọ̀kan tó wà láàárín, ọ̀kan tó mọ́lẹ̀, kẹ́ẹ wá pa wọ́n pọ̀ nílé. Ẹ fi ìbòmú bo imú, òjé máa ń wà nínú ọ̀dà àtijọ́. Ọmọláńgidi àti kẹ̀kẹ́ aláìsàn tẹ́ ẹ máa ń rí láàárín kọ́rídọ̀ nínú fọ́tò àwọn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fọkàn balẹ̀, èèyàn ló sábà máa ń gbé wọn síbẹ̀. Èmi ò kì í sún ohunkóhun.

Àwọn kan á ní fífo fẹ́ǹsì ló dùn jù. Èmi adúláwọ̀, nínú ilé òfìfo ní West Virginia, kí n di nǹkan dúdú kan mú, kí ọlọ́pàá wá fi tọ́ọ̀ṣì bá mi níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, mo san owó tíkẹ́ẹ̀tì mi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ti ọ̀sán ni kẹ́ẹ rà, kẹ́ẹ sì bi wọ́n ṣáájú bóyá wọ́n máa jẹ́ kẹ́ẹ gbé tripod dé apá ibi tí wọn ò tíì tún ṣe lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, torí ibẹ̀ gan-an ni àwọn fèrèsé tí mò ń sọ wà.