Ọdún tí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi di ilé ijó

Ọdún ti ń lọ sópin, mo sì ṣí ìwé tí mo ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà sí. Ojú ewé ẹ̀yìn ni orúkọ àwọn ọmọ wà. Mọ́kànlá ni wọ́n lóṣù kejì. Mẹ́fà ló kù.

Aránṣọ ni mí ní Àgbádárìgì. Ọmọ àbúrò ìyá mi ló kọ́ ijó ballet bọ̀ láti Èkó, tó ní kí n yọ̀ǹda ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù fóun kí òun máa kọ́ àwọn ọmọ tó ń sùn sábẹ́ ìsọ̀ ní Agbálátà. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ tí ò ríbi sùn, kí ló fẹ́ fi ijó òyìnbó ṣe? Ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ló pọ̀ tí mo fi gbà. A de páìpù omi mọ́ ògiri kí wọ́n lè máa dì í mú, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n sì ń jó.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ àṣìṣe mi. Mo ní Sátidé ni, aago mẹ́wàá, ẹni tó bá pa á jẹ lẹ́ẹ̀mejì kó má wá mọ́. Mo gbàgbé pé ọrọọrún ni wọ́n ń ná Agbálátà, ọjà a sì máa bọ́ sí Sátidé nígbà míì. Ọjọ́ ọjà ni àwọn ọmọ yìí ń ru ẹrù tí wọ́n fi ń jẹun. Bí mo ṣe lé ọmọkùnrin kan nìyẹn, èyí tí ara rẹ̀ rọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí ojú mi là, mo wá a dé gáréèjì, mo wá a dé etí ọ̀sà. N ò rí i. N ò sì tíì fa igi lé orúkọ rẹ̀.

Látìgbà náà, ọjà la fi ń ka ọjọ́ ijó, oúnjẹ sì ṣáájú. Ẹni tí ebi ń pa, bó bá tẹ orúnkún lẹ́ẹ̀mẹta, òòyì á gbé e.

Ọmọbìnrin Ègùn kan wà tí kì í sọ̀rọ̀. Odi ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ kan lóṣù karùn-ún, olùkọ́ ní kí wọ́n ṣe plié, ọmọ náà ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o, báyìí là ń pè é." Ó pè é bí ará Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, gan-an. Lódìkejì Sẹ̀mẹ̀ ló ti gbọ́ Faransé, kí ìyá rẹ̀ tó kú. Àṣé Faransé ni gbogbo orúkọ ijó yìí, láti ayé Louis kẹrìnlá, ọba tó kó àwọn ọ̀gá oníjó jọ ní Paris ní 1661! Ọmọ náà mú ankárá lórí tábìlì mi, ó ká a sí méjì: plié nìyẹn. Ó nà á tán: tendu. Fondu ńkọ́? Ó ní bí bọ́tà ṣe ń yọ́ nínú oòrùn ni. Èmi tí mo ti ń ká aṣọ láti ogún ọdún, ìgbà yẹn ni ijó náà tó yé mi. Tíṣà ni wọ́n ń pè é báyìí.

Olùkọ́ fi fídíò Anthony Madu hàn wọ́n, ọmọ Àjàǹgbàdì tó jó nínú òjò ní 2020 tí gbogbo ayé rí i. Ọ̀kan ní, "Òun nílé." Òótọ́ ni, a ò sì já a níyàn. A wá sọ ti Misty Copeland ní Amẹ́ríkà: ọmọ ọdún 13 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀, òun, ìyá rẹ̀ àtàwọn ọmọ ìyá rẹ̀ sì há mọ́ yàrá hòtẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú, ní 2015 ó di obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó dé ipò òkè pátápátá nínú American Ballet Theatre, ẹgbẹ́ oníjó ballet ńlá kan níbẹ̀. Wọ́n bi mí pé, "Ta ló ń fún un lóúnjẹ?" Olùkọ́ rẹ̀ ló mú un sọ́dọ̀. Mi ò fi èyí tó kù pa mọ́ fún wọn: ní 1998, olùkọ́ àti ìyá gbé ara wọn dé kóòtù nítorí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lọ kí ìyá ọmọ nídìí àtẹ rẹ̀ ná, kí n tó rán yunifọ́ọ̀mù fọ́mọ. Méjì ti padà síléèwé. Ijó kò tíì kọ́lé fún ẹnì kankan. Àmọ́ bí ọmọ kan ò bá yọjú, èèyàn méje ló ń béèrè rẹ̀.

Bí ẹ bá rí ọmọkùnrin aláàárù kan ní Agbálátà tó ń fi ìka ẹsẹ̀ dúró tòun tẹrù lórí, ẹ bá mi sọ fún un pé a ti yẹ ọjọ́ kúrò ní Sátidé.