Láàárín 500 àti 600

Kí n tó lọ sí Kútọnu fún ìgbà àkọ́kọ́, mo ti fi oṣù mẹ́fà ka ìwé Faransé nínú yàrá mi ní Èkó, ó sì dá mi lójú pé òǹkà kò lè dà mí láàmú mọ́. Ọlọ́kadà aláṣọ yẹ́lò kan, àwọn tí wọ́n ń pè ní zémidjan, ni ó fi hàn mí pé n kò tíì mọ nǹkan kan. Mo bi í ní iye tí yóò gbé mi dé ọjà Dantokpa, ó dá mi lóhùn, mo sì ka 600 fún un. Ó wo owó náà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì dá 100 padà fún mi, nítorí pé 500 ni ó pè.

Ìwé mi kò parọ́. Ohun tí kò sọ fún mi ni pé q inú "cinq", ìyẹn márùn-ún, àti x inú "six", ìyẹn mẹ́fà, kì í dún bí "cents", ìyẹn ọgọ́rùn-ún, bá tẹ̀ lé wọn. Bí "six" bá dá dúró, "sís" ni wọn yóò pè é. Bí kọ́ńsónáǹtì bá tẹ̀ lé e, ó di "sí". Bí fáwẹ̀lì bá tẹ̀ lé e, ó di "síz". Ohun tó wá ya 500 sọ́tọ̀ sí 600 lẹ́nu ẹni tó ń kánjú kò ju fáwẹ̀lì àránmúpè kan lọ, irú èyí tó wà nínú "ìyẹn" tiwa, tó sì yẹ kí etí ọmọ Yorùbá tètè gbọ́.

Ẹni tó fi etí nìkan kọ́ èdè náà ní àṣìṣe tirẹ̀. Bí àwọn Faransé bá pe "les amis", ìyẹn àwọn ọ̀rẹ́, z kan máa ń dún láàárín tí kì í ṣe ti ọ̀rọ̀ kejì rárá. Etí ni àwọn tó dá èdè Creole ti Haiti, èyí tó ti inú Faransé jáde, sílẹ̀ fi gbà á, ìdí nìyẹn tí ọ̀rẹ́ fi ń jẹ́ "zanmi" lọ́dọ̀ wọn títí dòní. Tiwọn ti di èdè tó dá dúró. Èmi tí mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí oníbàárà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo padà sílé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìròyìn oníṣẹ́jú 10 tí rédíò RFI ń fi Faransé tó rọrùn kà, tí wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. N ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì láì wo ìwé, lẹ́yìn náà ni n ó fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà bí ó ti ń lọ, kí n fi bírò fàlà sí ibi tí ìka mi bá ti sọnù, kí n tó pa ìwé dé, kí n sì tún un gbọ́. Àwọn kan máa ń ṣí ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, ojú yóò ti sọ ìdáhùn fún etí kí etí tó ṣe iṣẹ́ kankan. Fíìmù Faransé tí wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì sí lábẹ́, n kò kà á kún ẹ̀kọ́ rárá.

Mo lo ọ̀nà yìí fún ìdánwò ìṣirò owó pẹ̀lú. Mo ka ìwé sínú fóònù, mo sì ń gbọ́ ohùn ara mi bí mo ti ń wo ojú ìwé. Ibi tí kò yé mi máa ń hàn, nítorí pé ohùn mi á di ti ẹni tó ń sáré. Ibi tí òǹkà bá ti tò sí ìlà-ìlà nìkan ni kò ti wúlò.

Nígbà tí mo tún lọ sí Kútọnu, ọlọ́kadà mìíràn pe owó fún mi. Mo gbọ́ ọ ketekete pé 600 ni. Mo ní ó ti wọ́n jù, a sì parí rẹ̀ sí 500.