M kékeré ojú kalikulétọ̀ ló sọ mí di olè

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà ní Balógun bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú kalikulétọ̀ yín kẹ́ ẹ tó tẹ nọ́mbà àkọ́kọ́. Bí M kékeré kan bá wà ní igun rẹ̀, ẹ dúró. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n pè mí lólè níwájú ṣọ́ọ̀bù mi nítorí M yẹn, ara mi ò sì tíì balẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni, àwọn aláṣọ ẹbí kún ọjà. Ọkùnrin kan ra àǹkàrá bọ́ńdù 4, ₦9,500 lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ṣe é, mo tẹ M+, bọ́tìnì tó ń fi èsì kún ohun tí ẹ̀rọ ti pa mọ́, ₦38,000. Ó sanwó, ó lọ. Mo tẹ C, ojú ẹ̀rọ padà sí òdo.

Oníbàárà mi àtọjọ́mọ́jọ́ ló kàn. Àǹkàrá 12, ₦114,000. Léèsì yáàdì 5 ní ₦7,200, ₦36,000. Gèlè 8 ní ₦3,500, ₦28,000. Mo ń tẹ M+ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo wá tẹ MRC, èyí tó ń mú àpapọ̀ ohun tó wà ní ìpamọ́ jáde: 216,000. Mo kọ ọ́ sórí rìsíìtì.

Ó yọ fóònù rẹ̀, ó ṣe tirẹ̀: 178,000. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ tún un ṣe." Mo tẹ C, mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀ níṣojú rẹ̀. 394,000 ló yọ.

Kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pariwo: "Ṣé bẹ́ẹ ṣe ń ṣe mí látọjọ́ yìí nìyẹn? Olè ni yín!" Èrò pé lé wa lórí. Alábàárù kan gbé ẹrù dúró lórí, ó ń wò mí. Mo ń búra, ohùn mi ò jáde dáadáa. Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn ìyá tá a jọ ń jẹun lọ́sàn-án, tí ṣọ́ọ̀bù wọn fara kan tèmi, kò sẹ́ni tó la ẹnu pé "kò jọ ọ́" nínú wọn. Ó fi ọjà sílẹ̀, ó kọrí sí Ìdúmọ̀tà. Mo jókòó lórí bélì aṣọ, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló gbé ẹ̀rọ náà. Ó ní, "Mà, M ṣì wà níbẹ̀." Ó tẹ MRC lẹ́ẹ̀kan, 394,000. Ó tún un tẹ̀, M pòórá. Owó ọkùnrin ti àárọ̀ ni mo gbé lé obìnrin yẹn lórí. Nígbà tí mo tún un ṣe, mo tún kó tirẹ̀ lé tirẹ̀.

Mo pè é lálẹ́, mo fi hàn án lórí fídíò, ó bínú díẹ̀, ó padà wá lọ́jọ́ Ajé, ó san ₦178,000.

Ẹ má rò pé n ò kàwé o. Mo jáde ìwé mẹ́wàá, mo sì lè ṣe ìṣirò lórí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé C kì í pa ohun tó wà ní ìpamọ́ rẹ́. Ohun tó wà lójú ẹ̀rọ nìkan ló ń pa rẹ́. Bí tiyín bá ní MC lọ́tọ̀, tó ń pa ìpamọ́ rẹ́, òun lẹ máa tẹ̀. Bó bá jẹ́ MRC, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì léra.

Àwọn àmì yòókù náà wà. E túmọ̀ sí pé owó ti ju àyè ojú ẹ̀rọ lọ. Èyí tó gba nọ́mbà 8 kò lè kọjá 99,999,999, nítorí náà ẹ má gba nọ́mbà tó bá kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ E gbọ́. Àwọn ńlá orí tábìlì tún ní bọ́tìnì tí wọ́n ń sún. Bó bá wà ní A, tẹ́ ẹ tẹ 9500, tẹ́ ẹ sì tẹ +, 95.00 lẹ máa rí, torí ó ka nọ́mbà méjì ìparí sí kọ́bọ̀. Ẹ sún un sí F. Bọ́tìnì GT ń kó gbogbo èsì tẹ́ ẹ ti tẹ = fún jọ.

Ṣùgbọ́n M ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Èmi, bí oníbàárà bá ti dúró báyìí, mo máa ń yí ojú ẹ̀rọ sí i, màá tẹ MRC lẹ́ẹ̀mejì, màá ní kó bá mi wò ó bóyá M wà níbẹ̀, ká tó mú aṣọ àkọ́kọ́.