Àyẹ̀wò ọdún: ọ̀pá Bàbá

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí pé àyẹ̀wò ọdún dà, ó ti dé o. Mo fẹ́ tò ó lóṣooṣù bíi tèṣí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó láti rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹta, n ò rí nǹkan kan mú. Oṣù karùn-ún náà ò sí. A kúkú ṣiṣẹ́, ẹ gbọ́ eré. Ṣùgbọ́n ikú Bàbá ti gba gbogbo ọdún náà mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ mọ Bàbá. Ẹni tí kò mojú wọn mọ ohùn wọn. Àwọn ni òṣèré tó ń ṣe Baálẹ̀ nínú eré àfetígbọ́ wa láti ìgbà kòrónà ní 2020, nígbà tí ìjọba ní kí kálukú jókòó sílé, tí àwa òṣèré orí ìtàgé kò ríṣẹ́ ṣe, tí a wá ń ká ohùn sórí fóònù lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì, tí a ń fi í ránṣẹ́ síra wa lórí WhatsApp. Bí ilé-iṣẹ́ tí mo ń fi ṣe fáàrí káàkiri yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ti kúrò lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì báyìí, ó ti bọ́ sí yàrá kan ní Òkè-Fìà tí a fi tìmùtìmù àlòkù bo ògiri rẹ̀. Ìdun wà nínú tìmùtìmù náà. Ìtẹ̀síwájú ni.

Bàbá fẹ́ràn láti máa sọ pé àwọn wà ní kékeré nígbà tí Dúró Ládípọ̀ sọ ilé ọtí rẹ̀ di Mbari Mbayo, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà, ní 1962, pé ojú fèrèsé làwọn ti ń wòran. Bí wọ́n bá sọ ọ́ lónìí, ọmọdé tí imú ń dà ni wọ́n; bí wọ́n bá tún un sọ lọ́la, wọ́n ti ń bá wọn gbé ìlù. Kò sẹ́ni tó jẹ́ ṣírò ọjọ́ orí lójú wọn. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé eré kan tí BBC gbé jáde ní 1924, lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n dìídì kọ fún rédíò, inú kòtò ìwakùsà èédú ló ti ṣẹlẹ̀, pé iná kú, àwọn tó wà níbẹ̀ ò sì ríra wọn mọ́, Bàbá wò mí títí. Wọ́n ní, “Ìyẹn náà ni wọ́n ń pè ní eré? Alaalẹ́ là ń ṣe é ní Òṣogbo.”

Oṣù kẹjọ, àsìkò ọdún Ọ̀ṣun, tí ìgboro kún fún àlejò, wọ́n sùn, wọn ò jí mọ́.

Mo kọ ìpínrọ̀ kan síbí, mo ti pa á rẹ́. Ẹ jẹ́ n sọ ti ìrẹsì ibi ìsìnkú: ó dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo padà lọ bù sí i.

Eré ò kúkú tíì tán. Ẹjọ́ ilẹ̀ tó ti ń fà láti apá kìíní, Baálẹ̀ ló máa dá a. Lórí ìtàgé, a lè gbé àga òfìfo kalẹ̀. Bó bá jẹ́ fíìmù, a ó dé fìlà fún ẹlòmíràn, a ó ya ìpàkọ́ rẹ̀. Nínú eré àfetígbọ́, ẹni tí kò bá dún kò sí níbẹ̀.

Ọmọ wa tó ń to ohùn ní kí á lo AI, pé ohùn Bàbá tó wà nínú kọ̀ǹpútà tó o lò. Ó tiẹ̀ ti dán an wò. Mo fi í sétí. Ohùn wọn ni lóòótọ́, àmọ́ kò mí, kò ha ọ̀fun, kò béèrè pé “Ṣé ẹ ti tẹ̀ ẹ́?” kó tó sọ̀rọ̀. Ó tún ń pe oko ní òkò, Baálẹ̀ wá ń dájọ́ òkò fún àwọn tó ń jà sí oko. Mo ní kó pa á.

Síbẹ̀, mo lọ bá Màmá nílé, kó má di pé mo dá ìpinnu ṣe. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, “Ẹ ò fẹ́ kí wọ́n sinmi ni? Ta ló sì máa gbowó iṣẹ́ ọ̀hún?” Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé ọ̀pá Bàbá jáde, wọ́n ní kí a máa mú un lọ.

Ọ̀pá yìí ti fìyà jẹ wá rí. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ Baálẹ̀ láìgbá a mọ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń rí wọn. Irin pẹlẹbẹ kan wà nídìí rẹ̀ tí ìṣó rẹ̀ ti tú díẹ̀: ó máa ń dún gbò, ìṣó náà á wá fi kín kan tẹ̀ lé e. Ọmọ wa máa ń fi òru gé e kúrò. Ní báyìí, nínú eré, àrùn ti mú Baálẹ̀, kò lè fọhùn mọ́, ọ̀pá ló fi ń sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń túmọ̀. Gbò ẹ̀ẹ̀kan, ó gbà. Gbò ẹ̀ẹ̀mejì, kò gbà. A gbá a mọ́ sìmẹ́ǹtì, ó dún bí òòlù. A gbá a mọ́ pákó, ó dún bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Orí ẹní, pẹ̀lú máìkì nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún, ló wá bá a mu. Ẹnì kan fẹ́ bá wa kan ìṣó yẹn padà. Díẹ̀ ló kù ká lù ú.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Ọlọ́ta tó ń pa ẹ̀rọ rẹ̀ fún wa tí a bá fẹ́ ká ohùn, tí ata àwọn oníbàárà sì ń dúró. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ fi dátà ránṣẹ́, àti ẹni tó pè mí láàárọ̀ kùtù pé òun gbọ́ gbò yẹn nínú mọ́tò, òun sì sunkún dé Gbọ̀ngán. N ò mọ èsì tí mo lè fún un, mo ní kó rọra wakọ̀.

Ọdún tó ń bọ̀, n ò ní ṣèlérí. A ti rí ọmọbìnrin kan tó ń kọ̀wé dáadáa, a ò sì tíì jẹ́ kó mọ iye tí a ń san. Onílé ní òun máa fi kún owó yàrá láti oṣù kìíní. Mo ní kó jẹ́ kí Baálẹ̀ kọ́kọ́ dá ẹjọ́ ilẹ̀ tán ná.